Àparò Tí Mojísọ́lá Fi Tọrẹ

Ẹ fa ìjókòó súnmọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ní ìkòkò lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná, nítorí mi ò ní yára sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, kó nà á. Láti ìgbà tí mo ti dé láti Amẹ́ríkà lẹ ti ń bi mí pé, "Bàbá, báwo lọ̀hún ṣe rí?" tí mo sì ń dá yín lóhùn pé ó dára, òtútù mú. Ìdáhùn ẹni tó ṣì ń wá ibi tí yóò sùn sí nìyẹn. Mo ti sùn wàyí, mo ti jí. Ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ sọ. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí n máa bá a lọ.

Mi ò ní sọ ti bàálù. Ẹni tó bá ti jókòó sójú kan rí títí ìdí fi kú ti mọ bó ṣe rí.

Ilẹ̀kùn

Mojísọ́lá, ọmọ mi obìnrin, ló ránṣẹ́ pè mí. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ti pẹ́ ní kaunti tí wọ́n ń pè ní Prince George's, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Àwọn ọmọ wa pọ̀ níbẹ̀ débi pé nígbà tí a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Yorùbá ni mo fi ń kí ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà títí mo fi dé ìjókòó, gbogbo wọn ló sì dá mi lóhùn, àfi àwọn ọmọdé. Àwọn wọ̀nyẹn á ní, "Gúdù mọ́nìn, Gráńpà," wọ́n á tẹ orúnkún díẹ̀, bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ mú un. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ìkúnlẹ̀ tó bá rìn jìnnà tó yẹn, ó yẹ kó rẹ̀ ẹ́.

Àdúgbò kan tó ń jẹ́ Fairwood ni ilé wọn wà. Òpópónà mọ́, koríko gún, kò sì sí ẹni lóde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ agbádá mi, mo jáde lọ kí àwọn aládùúgbò, bó ti yẹ kí àlejò ṣe. Mo kan ilẹ̀kùn kan. Ohùn kan jáde láti inú agogo ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ni mo ń tà.

Mo ní, "Mi ò ta nǹkan kan. Mo wá kí yín ni."

 Ohùn náà ní, "Ó dáa. Ẹ ṣé." Ilẹ̀kùn ò ṣí.

Nígbà tí mo ròyìn fún Káyọ̀dé, ọkọ Mojí, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Suitland, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kan ilẹ̀kùn ẹnì kan mọ́. Pẹ̀lú agbádá yẹn? Wọ́n á ní ẹ wá tọrọ ìbò ni."

Àmọ́ ilẹ̀kùn kan ti ṣí sílẹ̀ kí n tó débẹ̀. Ilé tó kángun sí igbó ni. Bàbá arúgbó kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ó ga, ó gbẹ bí igi tí iná ti kọjá lára rẹ̀ tí kò wó. Ó nawọ́ sí mi. "Ìwọ ni bàbá Mojí. Mo ti ń retí rẹ. Kálífìn lorúkọ mi."

Kálífìn lásán? Ẹni tó jù mí lọ? Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo pè é ní Bàbá Kálífìn, ó sì wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹni tó bá pè mí báyẹn," ó ní, "ó ní nǹkan tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi."

Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ń gbé e fún yín yìí.

Ajá tó ń dúró

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ajá náà dùbúlẹ̀ sí. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Funfun ni, àmì dúdú wínníwínní wọ́n ọn lára bí ẹtù, ìrun gígùn sì ń ṣàn sílẹ̀ lábẹ́ ikùn àti ìrù rẹ̀. Sẹ́tà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Èyí tí ìrun tirẹ̀ kúrú, tó dà bíi ajá tiwa, ni wọ́n ń pè ní pọ́íńtà. Pẹ́nì lorúkọ ajá yìí.

Ọmọ ọdẹ ni mí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ajá bàbá mi, bó bá gbóòórùn ẹran, á lé e, á mú un, á sì gbé e bọ̀ bí ebi ò bá pa á jù. Iṣẹ́ ti Pẹ́nì yàtọ̀. Bó bá gbóòórùn ẹyẹ nínú koríko, dídúró ni tirẹ̀. Á dúró gbagidi, ẹsẹ̀ kan lókè, imú sí ibi tí ẹyẹ wà, títí ẹni tó ń darí rẹ̀ á fi dé. Ẹni náà á fi ẹsẹ̀ ru koríko, ẹyẹ á fò, ẹni náà á sì yin ìbọn tí kò ní ọta sókè. Bí ajá bá fi lè sún, ó ti bà á jẹ́.

Mo ní, "Ta ló wá ń jẹ ẹran?"

"Kò sí ẹran. Ẹyẹ á lọ ilé rẹ̀."

"Kí wá lẹ lọ ṣe nínú igbó?"

"A lọ wo ajá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀," Bàbá Kálífìn ní.

Mo rò ó, mo tún un rò. Ọdẹ láìsí ọbẹ̀! Àmọ́ ohun tó sọ lé e ló mú mi. Nínú ìdíje ajá ọdẹ wọn, ajá méjì ni wọ́n ń tú sílẹ̀ pa pọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹni tó ń darí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá rí ẹyẹ tó dúró, tí èkejì bá rí i lókèèrè, èkejì gbọ́dọ̀ dúró pẹ̀lú, bí imú rẹ̀ ò tiẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Ó ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni. Èyí tó bá kọjá lọ já a gbà, wọ́n á lé e kúrò lórí pápá.

Mo pàtẹ́wọ́. "Bàbá Kálífìn, ajá yín mọ̀wọ̀ ju ọmọ ẹlòmíràn lọ!"

Báwo ni Mojí ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí? Bó bá ti ń bọ̀ láti ṣíìfù láàárọ̀, ó máa ń rí bàbá yìí tó ń fi orúnkún tó ń dùn ún fa ẹsẹ̀ tẹ̀lé ajá. Ó bá a gba okùn níjọ́ kan. Bí ó ṣe di ẹni tó ń wọ bàtà rọ́bà nìyẹn, tó ń fọn fèrè nínú igbó lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀. Káyọ̀dé ní, "Dádì, ìyàwó mi ti fẹ́ ajá lé mi lórí. Ipò ìyálé ni mo wà báyìí."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ọkàn Bàbá Kálífìn ò lágbára mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì fẹ́ wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Georgia, níbi tí àyè ò sí fún ajá. Rọ́fọ́ọ̀sì, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń sin ajá ní Carolina, fẹ́ Pẹ́nì. Mojí náà fẹ́ ẹ. Bàbá Kálífìn ti sọ fún Mojí pé: "Bí Pẹ́nì bá gba rìbọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ rẹ kí àkókò ìdíje tó parí, tìẹ ni. Bí kò bá gbà á, Rọ́fọ́ọ̀sì á mú un. Mi ò fìyà jẹ ọ́ o. Ajá yìí kì í ṣe ti orí kápẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ rí i dájú pé ẹni tó máa ni ín lè dúró tì í nínú pápá nígbà tí mi ò bá sí níbẹ̀."

Àmì-ẹ̀yẹ ajá tó bá ṣe dáadáa ni rìbọ́ọ̀nù náà; gbogbo ìdíje tí wọ́n ti lọ, ọwọ́ òfo ni wọ́n bọ̀. Ìgbà tí mo dé, ó ku ẹyọ kan.

Alákàn

Ọ̀sán tó ṣáájú ìdíje náà, Bàbá Kálífìn pè wá wá jẹun. Kò tẹ́ aṣọ, kò gbé àwo kalẹ̀. Ìwé ìròyìn ló tẹ́ sórí tábìlì, ó sì da alákàn gbígbóná lé e lórí, ata pupa kan tó ní iyọ̀ bò ó lára ṣìnkìn. Ó fún olúkúlùkù ní òòlù igi kékeré. Òòlù, lórí oúnjẹ! Mo wo Mojí lójú.

"Dádì, ẹ lù ú ni."

Mo lù ú. Omi rẹ̀ ta sí Káyọ̀dé lójú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe tèmi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, mo sì fi eyín fọ́ ẹsẹ̀ alákàn bí a ti ń ṣe nílé. Bàbá Kálífìn dáwọ́ dúró.

"Mojí, ṣé eyín tirẹ̀ nìyẹn?"

"Tiwọn ni, sà."

"Nígbà náà mo ti fi òòlù mi ṣòfò."

Ata wọn ò ta. Iyọ̀ ló pọ̀. Àmọ́ alákàn náà dùn, mo sì jẹ ẹ́ títí ìka mi fi pọ́n.

Lórí tábìlì yẹn ló ti sọ fún mi pé pápá tí a ń lọ, oko tábà ni láyé àtijọ́. Bàbá bàbá rẹ̀ ṣa tábà níbẹ̀ fún onílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀, nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ajá àwọn òyìnbó ló ń kọ́. Á kọ́ ọ láti kékeré, á bá a sùn nínú òjò, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdíje, ẹlòmíràn ló ń gba rìbọ́ọ̀nù. Orúkọ Kálífìn ò sí níbì kankan. Kò gbóhùn sókè bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ń fi ọ̀bẹ kékeré yọ ẹran nínú èékánná alákàn ni, ó sì gbé èyí tó yọ kalẹ̀ níwájú mi.

Pápá

Ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí a débẹ̀. Ẹṣin dúró, ajá ń gbó nínú ọkọ̀, àwọn ènìyàn ń mu kọfí nínú ife bébà. Ajá ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀, ó di etí Pẹ́nì mú, ó bi í bóyá ó sùn dáadáa, kó tó gbójú sókè rí mi. Ó ní níbo ni mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ó ní, "Ṣé àparò wà níbẹ̀?"

Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi nínú. Ẹni tó bi mí ní Amẹ́ríkà nípa ebi pọ̀, àwọn tó bi mí nípa ogun náà wà. Òun nìkan ló bi mí nípa àparò. Mo sọ fún un pé tiwa tóbi ju tiwọn lọ, ó sì gbà láìjiyàn.

Aláwọ̀ dúdú ò pọ̀ níbẹ̀. Mo dúró bí òpó, mi ò mọ ibi tí mo lè fi ara sí. Òyìnbó arúgbó kan tó dé fìlà pupa dìde lórí àga rẹ̀, ó ní kí n jókòó. Ó jù mí lọ dáadáa. Mo kọ̀, ó taku. Mo jókòó, mo sì ń dúpẹ́ títí ó fi sú u. Mojí rí gbogbo rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí mi létí.

"Dádì, àwọn la jọ ń jáde. Ajá tiwọn àti Pẹ́nì ni wọ́n so pọ̀."

Nígbà tó yí kàn wọ́n, wọ́n gbé èmi àti Bàbá Kálífìn lọ sórí òkè kékeré kan nínú kẹ̀kẹ́ oko. Bàbá Kálífìn gbé awò ọ̀nà jíjìn sójú, ó fi ìka lé ètè: òǹwòran kì í sọ̀rọ̀. Àwọn adájọ́ wà lórí ẹṣin. Wọ́n tú ajá méjèèjì sílẹ̀, Pẹ́nì sì bọ́ sínú koríko bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà. Pọ́íńtà Onífìlà Pupa gba apá kejì.

Ó pẹ́ tí kò sí nǹkan. Mojí ń rìn, ó ń fọn fèrè, ó tún ń rìn.  Àkókò tí wọ́n fún wọn ń tán lọ.

Lẹ́bàá igbó ẹlẹ́gùn-ún kan, Pẹ́nì dúró bí ìgbà tí wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìrù rẹ̀ nà. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ tó wà láàárín yín, ara yín ì bá bù máṣọ. Pọ́íńtà yọ láti ẹ̀yìn igbó náà, ó rí Pẹ́nì, òun náà sì dúró lókèèrè láti bọ̀wọ̀. Mo rí i. Bàbá Kálífìn rí i. Mojí, tó ń sáré bọ̀ láti apá tiwa, rí i.

Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ni Onífìlà Pupa gbà dé, igbó ẹlẹ́gùn-ún náà sì dí i lójú. Ajá tirẹ̀ nìkan ló rí tó dúró. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sókè. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé "ajá mi ti rí i" nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ gba ìsàlẹ̀ gun ẹṣin dé. Kò jìnnà sí wa, atẹ́gùn sì ń gbé ohùn wọn bọ̀.

"Ajá ta ló rí i?"

Onífìlà Pupa fọwọ́ ti orúnkún, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mo rò pé tèmi ni. Òun ni mo rí." Kò purọ́. Ohun tó rí ló sọ.

Adájọ́ yíjú sí Mojí. "Ìwọ ńkọ́?"

Mojí wo Pẹ́nì. Ó wo bàbá arúgbó náà, bí òógùn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ fìlà rẹ̀. Nínú bàtà rọ́bà, lórí ilẹ̀ àjèjì, orúnkún ọmọ mi tẹ̀.

"Tiwọn ni, sà."

Inú mi dùn, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún Bàbá Kálífìn, bí ẹni pé kí n sọ pé, ẹ rí ọmọ tí mo tọ́? Kò wò mí. Ó ti sọ awò náà kalẹ̀ sórí itan.

Onífìlà Pupa ru koríko, àparò fò, ìbọn dún. Pẹ́nì ò mira. Kò rí ẹyẹ mìíràn kí àkókò tó tán. Nígbà tí wọ́n pín rìbọ́ọ̀nù, Onífìlà Pupa gba ọ̀kan, ó sì wá bọ Mojí lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀. Ó ní ajá rere ni ajá Mojí.

Ohun tí Bàbá Kálífìn sọ

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló ti bi Mojí, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. "Kí ló dé?"

"Mísítà Kálífìn, àgbà ni wọ́n. Mi ò lè pe àgbà ní òpùrọ́ lójú gbogbo ayé."

"Ta ló ní kó o pè é ní òpùrọ́? Ibi tí ajá rẹ dúró sí ni wọ́n bi ọ́."

Mojí bẹ̀rẹ̀, ó ń yọ ẹ̀gún kúrò nínú ìrun Pẹ́nì.

"Ká ní àga rẹ lo fi sílẹ̀ fún un, màá yìn ọ́. Ká ní oúnjẹ rẹ ni. Iṣẹ́ Pẹ́nì lo gbé fún un. Ta ló fún ọ láṣẹ?"

Mo bọ́ sí i. "Bàbá Kálífìn, bí a ṣe kọ́ wọn nílé nìyẹn. Ọmọ kì í bá àgbà du nǹkan."

Ó yíjú sí mi, kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. "Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Wọ́n kọ́ èmi náà. Bẹ́ẹ̀ ni sà, ajá yín ni sà. Mo sọ ọ́ títí ètè mi fi bó."

Mojí ní, "Kí n lọ sọ fún wọn nísinsìnyí?"

"Rárá. Ọkùnrin yẹn ò jalè. Jẹ́ kó gbé rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ han aya rẹ̀."

 Nínú ọkọ̀, títí a fi délé, Pẹ́nì nìkan ló ń sùn.

Iṣu

Káyọ̀dé ló ní, "Dádì, àgbà ló ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n." Ó fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, mo yan iṣu tó gún régé, mo gbé e lọ. Mo dé fìlà, mo tún ṣí i, mo sì dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì Bàbá Kálífìn gbalaja. Ó fò dìde, ó rò pé àìsàn ló kọlù mí, ó ń wá fóònù rẹ̀ kiri. Ìgbà tí mo ṣàlàyé tán, ó jókòó padà, ó di àyà mú.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ mọ̀ pé bí mo bá ń bẹ ènìyàn, òkúta á gbọ́. Mo sọ fún un pé nílùú wa, àgbà kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kó kọ etí ikún sí i.

Ó gba iṣu náà. Ó bi mí bí wọ́n ṣe ń sè é. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún mi, ojú sì ń tì mí. Mo fẹ́ sọ pé ó dáa. Ó wà lẹ́nu mi báyìí. Ẹ ò rí i pé bí ó ṣe wà lẹ́nu Mojí nìyẹn? Bí mo bá fi ajá yìí tọrẹ torí ojú yín, kí ni mo wá bá ọmọ yín wí sí?"

 Ẹ̀yin ará ilé, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń gbàgbọ́ pé ọ̀wọ̀ kì í ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ohun tẹ́nì kan bá fi tọrẹ fún àgbà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ti yọ, ẹ̀yìn ara rẹ̀ ló ti dùn ún, àbùkún ni. Mi ò ro ti ìgbà tí ohun náà bá jẹ́ ti ẹnì kẹta tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò lè sọ̀rọ̀. Mélòó nínú wa ló ti fi òógùn ìyàwó rẹ̀ ṣe ọmọlúàbí níta? Mélòó ló ti fi ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún àlejò, tí a sì yìn ín? Mi ò ní kí ẹ má kúnlẹ̀ mọ́ o. Èmi ṣì ń dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó fi nǹkan sílẹ̀ fún ènìyàn wàyí, mo máa ń wo ẹni tó ni ín.

Pípín

Rọ́fọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ọkùnrin sísanra ni, kò lárékérekè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì mọ bí wọ́n ti ń fọwọ́ kan ajá. Mojí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣíìfù dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Òun ló fa Pẹ́nì jáde, òun ló sì gbé e sínú ọkọ̀. Kò sunkún. Ó ti sun ún tán kí Rọ́fọ́ọ̀sì tó dé.

Rọ́fọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ pé o bá a ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ṣé ó tilẹ̀ rí nǹkan kan rí lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ ìdíje?"

Bàbá Kálífìn wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà wà níbẹ̀. A yíjú sí Mojí.

Mojí nàró ṣánṣán. Ó wo ọkùnrin náà lójú, bí ẹni pé adájọ́ wà lórí ẹṣin níwájú rẹ̀.

"Ó rí àparò kan," ó ní, "lẹ́bàá igbó ẹlẹ́gùn-ún, nínú ìdíje tó kẹ́yìn. Òun ló kọ́kọ́ rí i. Pọ́íńtà ló wá bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n bi mí, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ mọ́ orúkọ rẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá ń kọ irú rẹ̀ sí."

Rọ́fọ́ọ̀sì ṣí fìlà. Bàbá Kálífìn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn, ẹ̀yin ará ilé. Rọ́fọ́ọ̀sì ló jogún ajá. Onífìlà Pupa ló jogún rìbọ́ọ̀nù, ó ń bẹ lára ògiri rẹ̀ báyìí, kò sì mọ nǹkan kan. Káyọ̀dé jogún aya rẹ̀ padà, ó ní òun ò mọ ohun tí òun máa fi ìyókù Sátidé ṣe. Georgia jogún Bàbá Kálífìn. Èmi jogún ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ fún yín yìí, ó wúwo ju ẹrù tí mo gbé wọ bàálù lọ.

Pẹ́nì sì gba àparò rẹ̀.